Ìwé Ìlànà Nìkan Kò Tó: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Olùtọ́jú Ìkólòlò Níṣẹ́

Ìkólòlò ni ìdíwọ́ tó máa ń pàdé ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà nígbà tí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ ti mọ ohun tó ní lọ́kàn dájú, tí èrò rẹ̀ sì pé, ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ kò jẹ́ kí ó jáde bó ṣe yẹ. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó sábà máa ń gbà hàn: akólòlò lè máa pe ìró tàbí sílébù kan ní àpètúnpè, ó lè fa ìró kan gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀rọ̀ sì lè há pátápátá, débi pé ètè àti ahọ́n ti wà nípò tí wọ́n yẹ kí wọ́n wà, síbẹ̀ ohùn kò jáde. Láàárín ọmọ ọdún 2 sí 4 ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ọmọ, nígbà tí wọ́n ń kọ́ bí a ti í so ọ̀rọ̀ pọ̀ di gbólóhùn.

Iye àwọn ọmọ tó ń kólòlò rí pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe nílùú Melbourne ní Ọsirélíà, níbi tí wọ́n ti tẹ̀ lé àwọn ọmọ tó ju 1,600 lọ láti ìgbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọwọ́, nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti kólòlò kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 4. Láàárín àwọn àgbàlagbà ẹ̀wẹ̀, nǹkan bí ìdá 1 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ṣì ń kólòlò, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn, nǹkan bí ọkùnrin mẹ́rin sí obìnrin kan. Èyí fi hàn pé ìkólòlò máa ń fi ọ̀pọ̀ ọmọ sílẹ̀ láìsí ìtọ́jú, gẹ́gẹ́ bí Ehud Yairi àti Nicoline Ambrose ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú iṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Illinois. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè wo ọmọ kan ṣoṣo lójú kí ó sọ dájú pé yóò wà lára àwọn tó ń bọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí Yorùbá bá sọ pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba, òwe náà tu ni nínú, àmọ́ kò sọ iye ọdún tí yóò gbà, kò sì sọ ohun tí ojú ọmọ náà yóò ti rí nílé ìwé kí ó tó pè é.

Ìtọ́jú tó ní ẹ̀rí lẹ́yìn ti wà fún àwọn ọmọdé báyìí, ìwé ìlànà rẹ̀ sì wà lárọ̀ọ́wọ́tó ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Ohun tí ó kù tí a kì í sábà bi ara ẹni ni bóyá ẹni tó ń fi ìlànà náà ṣiṣẹ́ mọ̀ ọ́n lò. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ fi hàn pé ìlànà kan náà lè wà lọ́wọ́ olùtọ́jú méjì kí àbájáde wọn má sì dọ́gba, àti pé olórí ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó péye ń fún olùtọ́jú ni agbára láti mọ̀ pé iṣẹ́ kò tíì parí.

Ìbẹ̀rù tí àwọn olùtọ́jú jogún

Olùtọ́jú ọ̀rọ̀-sísọ, ìyẹn ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa àbùkù ọ̀rọ̀, ohùn, èdè àti jíjẹ-mímu, máa ń rí oríṣiríṣi aláìsàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọkàn wọn kì í balẹ̀ bí akólòlò bá wọlé tọ̀ wọ́n wá. Ìbẹ̀rù yìí ní ìtàn. Ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, níbi tí Lee Edward Travis ti fi ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà lélẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1920, ni Wendell Johnson, tí òun náà jẹ́ akólòlò, ti gbé àbá kan kalẹ̀ pé òbí ló ń dá ìkólòlò sílẹ̀ nígbà tí ó bá gbọ́ àpètúnpè tí kò ṣàjèjì lẹ́nu ọmọdé, tí ó sì sọ ọ́ di àrùn lójú ọmọ náà. Ní ọdún 1939, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Mary Tudor, lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan nílùú Davenport láti dán irú èrò yìí wò lára ọmọ 22. Wọ́n sọ fún díẹ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn já gaara pé ọ̀rọ̀ wọn kò dára, pé kí wọ́n má ṣe la ẹnu bí wọn kò bá ní lè sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Kò sí ẹ̀rí tó dájú pé ìwádìí náà sọ ọmọ kankan di akólòlò, ṣùgbọ́n ó sọ àwọn kan di ẹni tó ń bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà nípamọ́ títí di ọdún 2001, nígbà tí ìwé ìròyìn kan tú u síta tí yunifásítì náà sì tọrọ àforíjì. Ní ọdún 2007, ìjọba ìpínlẹ̀ Iowa gbà láti san $925,000 fún mẹ́fà nínú àwọn tí ọ̀ràn náà kàn.

Àbá Johnson ni ó darí bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn olùtọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ń kọ́ wọn pé kí wọ́n má ṣe dárúkọ ìkólòlò lójú ọmọdé, kí wọ́n gba òbí nímọ̀ràn pé kí ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí wọ́n sì dúró. Ẹni tí wọ́n bá ti kọ́ pé fífi ọwọ́ kan nǹkan lè sọ ọ́ di ńlá kò lè ní ìgboyà láti fọwọ́ kàn án. Ohun tó kọ́kọ́ mì àbá yìí ni iṣẹ́ kékeré kan tí Richard Martin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 1972 ní Yunifásítì Minnesota. Wọ́n gbé ọmọlángidi kan sínú àpótí tí iná ń tàn sí, ọmọlángidi náà sì ń bá ọmọdé kan tó ń kólòlò tàkúrọ̀sọ. Nígbàkígbà tí ọmọ náà bá kólòlò, iná yóò kú fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ọmọlángidi yóò sì dákẹ́, lẹ́yìn náà ni wọn yóò tún máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ọmọ méjì péré ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ìkólòlò àwọn méjèèjì lọ sílẹ̀ gidigidi, kò sì sí èyí tí ó burú sí i lára wọn. Ó wá hàn pé a lè tọ́ka sí ìkólòlò lójú ọmọdé láìpa á lára, bí a bá mọ ọ̀nà rẹ̀.

Ìlànà kan tí òbí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe

Láti inú irú èrò yìí ni Mark Onslow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Sydney, pẹ̀lú àwọn olùtọ́jú tó wà ní ẹ̀ka ìkólòlò ní Bankstown, ti ṣe agbátẹrù Ìlànà Lidcombe láàárín ọdún 1980 sí 1990. Lidcombe ni orúkọ àdúgbò tí ọgbà ẹ̀kọ́ ìlera yunifásítì náà wà nígbà náà. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọmọ ọdún 6 ni wọ́n ṣe é fún, òbí ni ó sì ń ṣe ìtọ́jú náà nílé. Iṣẹ́ olùtọ́jú ni láti kọ́ òbí, láti ṣọ́ ọ, àti láti tún ohun tó ń ṣe ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Lójoojúmọ́, òbí yóò yan ìṣẹ́jú 10 sí 15 tí òun àti ọmọ rẹ̀ yóò fi jókòó, bóyá pẹ̀lú ìwé àwòrán tàbí ohun ìṣeré, yóò sì máa darí ọ̀rọ̀ náà kí gbólóhùn ọmọ lè kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní kólòlò púpọ̀. Bí ìyá bá na ìka sí àwòrán ajá, tí ọmọ sì dáhùn pé, “Ajá yẹn ń sùn,” láìkọsẹ̀, ìyá lè sọ pé, “O káre, ìyẹn lọ geere.” Lẹ́yìn gbólóhùn mélòó kan sí i, ó lè bi í pé, “Ṣé ìyẹn lọ geere?” kí ọmọ lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Bí ọmọ bá wá kólòlò, ìyá lè sọ láìyí ohùn padà pé, “Ìyẹn há díẹ̀,” tàbí kí ó ní, “Ṣé o lè tún un sọ?” lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan péré. Ìyìn gbọ́dọ̀ pọ̀ fíìfíì ju ìtọ́ka sí ìkólòlò lọ, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́, ó sì gbọ́dọ̀ dùn mọ́ ọmọ. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ọmọ sì ń já sí i, ọ̀rọ̀ ìyìn náà yóò kúrò nídìí ìjókòó pàtàkì yẹn, yóò bọ́ sínú ìgbé ayé ojoojúmọ́, bíi ìgbà tí wọ́n bá ń wẹ̀, tí wọ́n bá ń jẹun tàbí tí wọ́n bá wà nínú ọkọ̀.

Lálaalẹ́, òbí yóò fún ọ̀rọ̀ ọmọ náà ní máàkì lórí òṣùwọ̀n 0 sí 9: 0 ni kò kólòlò rárá, 1 ni èyí tí kò tó nǹkan, 9 sì ni èyí tó le jù lọ. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni òbí àti ọmọ yóò lọ rí olùtọ́jú. Bí olùtọ́jú bá ti bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ díẹ̀, òun náà yóò fún un ní máàkì, yóò sì bi òbí ní tirẹ̀. Bí máàkì méjèèjì bá jìnnà síra, wọn yóò jíròrò títí etí wọn yóò fi gbọ́ ohun kan náà. Lẹ́yìn èyí ni òbí yóò ṣe ìtọ́jú náà lójú olùtọ́jú, tí olùtọ́jú yóò sì sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Ìpele kìíní kò tíì parí àfi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra bá kọjá tí gbogbo máàkì ọmọ náà jẹ́ 0 tàbí 1, tí ó kéré tán mẹ́rin nínú máàkì ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 0. Ìpele kejì ni ti ìtọ́jú àmúdúró: àbẹ̀wò méjì ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, méjì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, méjì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ-mẹ́jọ, àti ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16, tí gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan.

Ìwádìí tó fìdí ìlànà yìí múlẹ̀ jáde ní ọdún 2005. Ní New Zealand, wọ́n fi kèké pín ọmọ 54 sí ọ̀nà méjì: 29 gba Ìlànà Lidcombe, 25 kò gbà á. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, nínú 100 sílébù tí àwọn tó gbà á bá pè, 1.5 ni ìkólòlò ń bá, nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ 3.9. Ìyàtọ̀ yìí ju ohun tí ìbọ́ láìsí ìtọ́jú lè ṣàlàyé lọ, nítorí àwọn ọmọ tí kò gba ìlànà náà ní àǹfààní kan náà láti bọ́ fúnra wọn.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń wọ́

Bí a bá ka ìlànà yìí lórí ìwé, ó lè dà bí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Olùtọ́jú tí kò gba ẹ̀kọ́ tó péye lè ṣàlàyé fún òbí bí a ti ń yin ọmọ kí ó má sì jẹ́ kí òbí náà ṣe é lójú rẹ̀ rí. Bí òbí bá dé ilé, ó lè máa sọ “O káre” lẹ́yìn gbogbo gbólóhùn pẹ̀lú ohùn kan ṣoṣo tí kò ní ìtumọ̀ mọ́, tàbí kí ó máa tọ́ka sí ìkólòlò ju ìyìn lọ títí ọmọ yóò fi dákẹ́ lára rẹ̀. Olùtọ́jú mìíràn lè gba máàkì òbí bó ṣe wà láìfi tirẹ̀ wé e, nígbà tó sì jẹ́ pé òbí náà kì í ka ọ̀rọ̀ tó há láìlóhùn sí ìkólòlò, nítorí kò gbọ́ ohun kankan. Àwọn mìíràn ń fi ìjókòó ojoojúmọ́ sílẹ̀ láìyí padà fún oṣù mẹ́ta, ọmọ á sì máa sọ̀rọ̀ geere nídìí ìwé àwòrán nìkan, kí ó tún padà máa kólòlò bí ó bá dé àárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Nílé ìwòsàn tí èrò ti pọ̀, àbẹ̀wò ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ máa ń di ti ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, lẹ́yìn náà ti oṣooṣù.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo wọn ni pípa ìtọ́jú tì kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Nígbà tí ìkólòlò ọmọ bá ti lọ sílẹ̀ láti 6 sí 2, inú òbí á dùn, olùtọ́jú á rí i pé iṣẹ́ ti so èso, ẹlòmíràn sì ti wà lórí ìlà tó ń dúró. Ṣùgbọ́n 2 kì í ṣe 0, ìkólòlò sì jẹ́ ohun tó máa ń fà sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó tún yọjú. Nítorí èyí ni wọ́n fi fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra sínú ìlànà náà, tí wọ́n sì fi ìpele kejì kún un, èyí tó jẹ́ pé ojú olùtọ́jú tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè máa wò ó bí àfikún lásán.

Ìwádìí kan tí Sue O'Brian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2013 ni ó la ọ̀ràn yìí yé ènìyàn jù lọ. Wọ́n kúrò ní yunifásítì, wọ́n lọ sí àwọn ilé ìtọ́jú tí gbogbo ayé ń lò ní Ọsirélíà, wọ́n sì tẹ̀ lé olùtọ́jú 31 àti 57 nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́jú. Gbogbo wọn ló sọ pé Ìlànà Lidcombe ni àwọn ń lò, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ àjọ àwọn olùkọ́ ìlànà náà, àwọn kan kò sì gbà á. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, ìkólòlò àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ àwọn tó gba ẹ̀kọ́ fi ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tó wà lọ́wọ́ àwọn yòókù. Ohun kejì tí wọ́n rí ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ wò: iye àbẹ̀wò tí àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ àwọn tó gba ẹ̀kọ́ fi parí ìpele kìíní fi ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Bí ọ̀gá ilé ìwòsàn kan bá wo ìwé àkọsílẹ̀ nìkan, yóò yin olùtọ́jú tí kò gba ẹ̀kọ́ pé ọwọ́ rẹ̀ yá, pé ó ń tètè dá aláìsàn sílẹ̀, yóò sì bi èkejì pé kí ló ń fi àkókò ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó yára náà ló fi ìkólòlò sílẹ̀ lára àwọn ọmọ. Òótọ́ ni pé wọn kò fi kèké pín àwọn olùtọ́jú náà, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tí iṣẹ́ náà jẹ lógún ni ó lọ gba ẹ̀kọ́, tí ìtara rẹ̀ sì ní ipa tirẹ̀ nínú àbájáde. Síbẹ̀, bí ìtara nìkan bá ni, yóò ṣòro láti ṣàlàyé ìdí tí ó fi jẹ́ ọ̀nà yìí gan-an ni ó gbà hàn, ìyẹn nínú àìkánjú parí iṣẹ́. Yorùbá gbà pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nínú ìtọ́jú ìkólòlò, máàkì àti ọ̀sẹ̀ ni a fi ń ka ẹ̀sọ̀ náà.

Ohun tí ẹ̀kọ́ tó péye ní nínú

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mélòó kan lè la ojú olùtọ́jú, ṣùgbọ́n kò tó bí kò bá ní ìtẹ̀lé. Ohun àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ ni gbígbọ́: yóò wo fídíò ọ̀pọ̀ ọmọ, yóò fún wọn ní máàkì, yóò ka sílébù àti ìkólòlò inú rẹ̀, yóò sì fi tirẹ̀ wé ti àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, títí ìyàtọ̀ wọn kò fi ní ju máàkì kan lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ́ bí a ti ń kọ́ òbí, èyí tó yàtọ̀ gédégédé sí kíkọ́ ọmọ. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń sọ fún ìyá tó ti rẹ̀ pé ìyìn rẹ̀ kò tíì dénú ọmọ, láìjẹ́ kí ó rò pé òun ni ó jẹ̀bi ìkólòlò náà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kí ó ṣe ìtọ́jú àwọn ọmọ àkọ́kọ́ rẹ̀ lábẹ́ ojú alábòójútó tó ń wo fídíò àbẹ̀wò rẹ̀ láti oṣù dé oṣù, nítorí ó ti hàn léraléra pé ohun tí olùtọ́jú rò pé òun ń ṣe àti ohun tó ń ṣe gan-an lè jìnnà síra.

Ẹ̀rí mìíràn wá láti Nẹ́dálándì, níbi tí wọ́n ti tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2015 lórí ọmọ 199. Wọ́n fi Ìlànà Lidcombe wé ìlànà mìíràn tí wọ́n ń pè ní RESTART-DCM, èyí tí kì í tọ́ka sí ìkólòlò ọmọ tààrà, tó jẹ́ pé ńṣe ni ó ń kọ́ òbí láti dín ìnira tó wà lórí ọ̀rọ̀ ọmọ kù: kí ó dẹ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́wọ́, kí ó dúró kí ọmọ sọ̀rọ̀ tán, kí ó sì dín ìbéèrè kù. Àwọn olùtọ́jú tó kópa ti gba ẹ̀kọ́ nínú méjèèjì. Lẹ́yìn oṣù 18, ìdá 76.5 nínú ọgọ́rùn-ún nínú àwọn tó gba Lidcombe ni kò kólòlò mọ́, ìdá 71.4 sì ni ti àwọn yòókù, ìyàtọ̀ tí kò tó èyí tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ọ̀nà méjì tí èrò wọn tako ara wọn ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi kan náà, nígbà tí ẹni tó ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀ ọ́n lò. Àríyànjiyàn lórí ìlànà wo ló dára jù kò wá yẹ kó bo ìbéèrè ta ló ń lò ó mọ́lẹ̀.

Ti àgbàlagbà tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹni tó ti kólòlò fún 20 ọdún ti kọ́ bí a ti ń sá fún ọ̀rọ̀: ó lè pa orúkọ ara rẹ̀ dà lórí tẹlifóònù, ó sì lè ra oúnjẹ tí kò fẹ́ jẹ nítorí pé orúkọ èyí tó fẹ́ ṣòro fún un láti pè. Charles Van Riper, akólòlò tó dá ilé ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní Kalamazoo ní ìpínlẹ̀ Michigan ní ọdún 1936, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé ìbẹ̀rù ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú palẹ̀, kí a tó kọ́ ènìyàn bí a ti ń kólòlò pẹ̀lú ìrọ̀rùn láìjà. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fi ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe akólòlò lọ sí ọjà tàbí ṣọ́ọ̀bù, kí ó mọ̀ọ́mọ̀ kólòlò níwájú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀: bí olùtajà ṣe yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ó ṣe parí gbólóhùn náà fún un, àti bí ọkàn òun náà ṣe ń lù kìkì kí ó tó wọlé. Ẹni tó bá ti ṣe èyí kò ní sọ fún àgbàlagbà mọ́ pé kí ó ṣáà fara balẹ̀.

Síbẹ̀, àǹfààní yìí kò kárí. Ìwádìí tí J. Scott Yaruss àti Robert Quesal tẹ̀ jáde ní ọdún 2002 fi hàn pé ó ṣeé ṣe ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà kí akẹ́kọ̀ọ́ gboyè olùtọ́jú ọ̀rọ̀-sísọ láìfọwọ́ kan akólòlò kankan rí. Láti dí irú àlàfo yìí, àwọn àjọ kan ti dá ẹ̀kọ́ àfikún sílẹ̀: ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ kan wà tó ń fún àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú ìtọ́jú ìkólòlò ní ìwé ẹ̀rí, ní Yúróòpù, àwọn yunifásítì kan para pọ̀ dá ẹ̀kọ́ àkànṣe sílẹ̀ lórí rẹ̀, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, Michael Palin Centre, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1993 tí wọ́n sì fi sọrí òṣèré tí bàbá rẹ̀ jẹ́ akólòlò, ń tọ́jú àwọn ọmọdé, ó sì ń kọ́ àwọn olùtọ́jú láti ibòmíràn.

Bí ọ̀ràn náà ṣe kan àwọn tó ń sọ Yorùbá

Ní Nàìjíríà, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa àbùkù ọ̀rọ̀ àti etí, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ìmúpadàbọ̀sípò ni ó sì ń forúkọ àwọn olùtọ́jú ọ̀rọ̀-sísọ sílẹ̀. Nílùú Lomé ní Tógò, ilé ẹ̀kọ́ kan wà tó ń kọ́ àwọn olùtọ́jú fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé. Àwọn tó jáde kò tíì tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ènìyàn tó nílò wọn, nítorí náà olùtọ́jú kan ni yóò máa rí ọmọ tó yadi, àgbàlagbà tí rọpárọsẹ̀ mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, àti akólòlò, lọ́jọ́ kan náà. Irú olùtọ́jú bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tó péye lórí ìkólòlò wúlò fún jù, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí yóò darí aláìsàn náà sí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò lè jẹ́ àwòkọ ti Sydney. Kíka sílébù rọrùn nínú Yorùbá, nítorí ààlà wọn ṣe kedere, àmọ́ mímọ ohun tó jẹ́ ìkólòlò nínú wọn gba etí ẹni tó gbọ́ èdè. Ọmọ tó ń sọ pé ìjàpá “rìn rìn rìn títí” kò kólòlò. Àpètúnpè ìtàn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni “díẹ̀díẹ̀” àti “wéréwéré” ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ pípé, tí fáwẹ̀lì gígùn inú “aago” àti “oore” kì í sì í ṣe fífà ìró. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá sọ pé “mo-mo-mo-mo fẹ́ mu omi,” tí ọrùn rẹ̀ le, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣẹ́, ìkólòlò ni. Fídíò tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kò lè kọ́ wọn ní ìyàtọ̀ yìí. Àfi kí àwọn yunifásítì wa gba ohùn àwọn ọmọ tó ń sọ Yorùbá sílẹ̀, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda òbí wọn, kí wọ́n fún wọn ní máàkì, kí wọ́n sì fi wọ́n kọ́ni.

Ìlànà tó dá lórí òbí tún gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ pé ta ni òbí. Nínú ilé tí ìyá ti ń lọ sí ọjà láti òwúrọ̀, ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ ẹni tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ jù, ẹni náà ni olùtọ́jú yẹ kó pè sí àbẹ̀wò. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìkíni ń fa ìnira tirẹ̀: ọmọ tí “Ẹ káàárọ̀, mà” há sí lẹ́nu níwájú àgbà lè gba orúkọ aláìmọ̀wàáhù, àwọn ará ilé sì lè máa gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú èrò rere. Olùtọ́jú tí wọ́n kọ́ dáadáa yóò mọ bí a ti ń ṣàlàyé fún gbogbo ilé pé kí wọ́n dúró kí ọmọ náà kí wọn tán. Fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, tí wọ́n ń sọ èdè méjì, ó yẹ kí olùtọ́jú mọ̀ pé kò pọn dandan kí òbí pa Yorùbá tì nítorí ìkólòlò. Rosalee Shenker ní Montréal ti kọ̀wé lórí lílo Ìlànà Lidcombe fún àwọn ọmọ elédè méjì láìgba èdè kankan lẹ́nu wọn.

Owó àti àkókò tí irú ẹ̀kọ́ yìí ń gbà kò kéré, ó sì rọrùn fún ilé ìwòsàn tàbí yunifásítì láti ra ìwé ìlànà kí ó sì sọ pé òun ti ní ìtọ́jú ìkólòlò. Ohun tó yẹ kí wọ́n máa bi ara wọn ni ìbéèrè tí O'Brian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn olùtọ́jú Ọsirélíà: lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, sílébù mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni ọmọ náà ṣì ń kólòlò sí? Ibi tí wọ́n bá ti ń ka ìyẹn, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún olùtọ́jú kọ̀ọ̀kan, ni yóò ti hàn bóyá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣe ti mú èso wá. Ibi tí wọ́n bá ti ń ka iye ìwé ẹ̀rí tí wọ́n pín tàbí iye ọmọ tí wọ́n tètè dá sílẹ̀, àwọn ọmọ náà ni yóò máa san gbèsè àìbìkítà yẹn.